Jàkúsì ilé: báwo lẹ ṣe ń rọ omi tuntun kún un, báwo ló sì ṣe ń gbóná?

ỌmọAdó_Stockport

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. A ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wọ ilé tuntun ni, ẹni tó tà á fún wa sì fi jàkúsì sílẹ̀ lẹ́yìnkùlé. Oníke líle ni, kì í ṣe èyí tí wọ́n ń fẹ́ atẹ́gùn sí. Ó ti gbẹ táútáú. Fílítà wà nínú rẹ̀, ìdérí rẹ̀ ṣì dára, ṣùgbọ́n kò sí ìwé kankan tó sọ bí wọ́n ṣe ń lò ó. Wọ́n kọ ọ́ sára rẹ̀ pé lítà 1,300 ló ń gbà. Púlọ́ọ̀gì 13 amp lásán ló ní.

Ibo ni kí n ki họ́ọ̀sì bọ̀? Ṣé mo lè tan iná sí i bó ṣe ń kún lọ, kí àsìkò má baà ṣòfò? Àlejò ń bọ̀ lálẹ́ Sátidé, ẹnì kan níbi iṣẹ́ sì sọ fún mi pé wákàtí mẹ́ta péré ni yóò fi gbóná.

Púlọ́ńbà_Peckham

Ẹ kú oríire ilé tuntun. Ilé á tura o.

Ẹ má tíì fọwọ́ kan iná rárá. Ẹ yọ fílítà kúrò, kí ẹ ki ẹnu họ́ọ̀sì bọ inú ihò tí ẹ ti yọ ọ́, kó lọ sísàlẹ̀ dáadáa. Ẹ má kàn gbé e sáàárín kí ẹ máa da omi lọ. Inú ihò fílítà yẹn ni páìpù ti lọ bá pọ́ǹpù àti hítà. Tí omi bá gba ibẹ̀ wọlé, láti ìsàlẹ̀ ni yóò ti máa gòkè, yóò sì máa ti afẹ́fẹ́ síwájú títí gbogbo rẹ̀ yóò fi gba ẹnu jẹ́ẹ̀tì, àwọn ihò tó ń tú omi sára èèyàn, jáde. Tó bá jẹ́ àárín lẹ da á sí, omi á bo ẹnu jẹ́ẹ̀tì mọ́lẹ̀, afẹ́fẹ́ á sì há sínú pọ́ǹpù. Ẹ ó tan án, á máa kùn, omi ò ní jáde.

Kí họ́ọ̀sì tó wọ inú rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kó ṣàn sórí koríko díẹ̀. Omi tó ti sùn nínú họ́ọ̀sì látọjọ́ yìí kì í ṣe omi téèyàn ń jókòó sí.

Ẹ wo táàpù ìta yín náà. Òfin omi ilẹ̀ England yìí ti ọdún 1999 béèrè pé kí fáàfù tí kì í jẹ́ kí omi padà sẹ́yìn wà níbẹ̀. Bí kò bá sí, tí agbára omi àdúgbò bá ṣàdédé já wálẹ̀ nígbà tí ẹnu họ́ọ̀sì wà lábẹ́ omi, omi jàkúsì lè fà padà sínú páìpù tí ẹ ń pọn omi mu.

Ẹ rọ ọ́ títí yóò fi wọ ẹnu ihò fílítà dé ìdajì. Ọ̀pọ̀ jàkúsì ní ìlà tí wọ́n fi sàmì síbẹ̀. Ẹ dá fílítà padà sáyè rẹ̀. Ìgbà yẹn ni kí ẹ tó tan iná. Hítà tó bá jó láìsí omi lára rẹ̀ lè bàjẹ́ kí ẹ tó mọ̀. Àwọn tuntun ní ohun tó ń dá wọn dúró, ṣùgbọ́n ẹ ò mọ ọjọ́ orí tiyín.

Ẹnjiníà_MK

Wákàtí mẹ́ta kẹ̀! Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀.

Ẹ mú iye lítà, ẹ fi iye ìwọ̀n ooru tí omi máa fi gòkè sọ ọ́ di púpọ̀, kí ẹ wá fi 860 pín in. Ohun tó bá jáde ni iye yúnìtì iná tí yóò jẹ. Ká ní omi táàpù yín jẹ́ ìwọ̀n 10 (Celsius ni o), tí ẹ sì fẹ́ kó dé 38, ìyẹn ni pé ó máa fi 28 gòkè. 1,300 lọ́nà 28 jẹ́ 36,400. Ẹ fi 860 pín in, ó lé díẹ̀ ní yúnìtì 42. Tí ẹ bá ń san pẹ́nsì 25 lórí yúnìtì kan, pọ́n-ùn mẹ́wàá àti ààbọ̀ nìyẹn.

Nípa àsìkò: púlọ́ọ̀gì 13 amp ò lè gbé ju nǹkan bíi kìlówáàtì 3 lọ, pọ́ǹpù náà sì fẹ́ jẹ nínú rẹ̀, torí náà hítà inú irú jàkúsì yẹn sábà máa ń jẹ́ kìlówáàtì 2. 42 pín sí 2 jẹ́ wákàtí 21, ìyẹn tí ìdérí bá wà lórí rẹ̀ tí atẹ́gùn ò sì jà. Ẹ ka ọjọ́ kan gbáko. Fún alẹ́ Sátidé, ẹ rọ ọ́ kún ní Ọjọ́bọ̀. Ẹ̀rọ tó ń lọ kìlówáàtì 2 tọ̀sán-tòru gbọ́dọ̀ wà lórí sọ́kẹ́ẹ̀tì tiẹ̀, kì í ṣe orí wáyà àfikún tí wọ́n tẹ́ gba ojú fèrèsé. Lẹ́yìn wákàtí kan, ẹ fọwọ́ kan púlọ́ọ̀gì náà. Tó bá gbóná, ẹ pa á kí ẹ pe oníná.

Ohun kan wà tó máa ń rú àwọn èèyàn lójú. Tí ẹ bá yan ìwọ̀n 40 dípò 38, omi ò ní torí ìyẹn yára gbóná. Iná kan náà ni hítà ń jó títí yóò fi dé ibi tí ẹ yàn, yóò wá pa ara rẹ̀. Ohun méjì ló ń pinnu àsìkò: bí omi ṣe tutù tó nígbà tó wọlé, àti ìdérí. Kí ọmọdé má máa ṣí i wò o.

Àṣàkẹ́_láti_Ìkógósí

Ohun tí Ọlọ́run ṣe lófẹ̀ẹ́ fún wa l'Ékìtì, tí gbígbóná àti tútù jọ ń ṣàn pàdé ara wọn, ni ẹ̀yin ń fi 860 pín. Ẹ kú iṣẹ́ o 😂

Alákòóso_Ajah

Àǹtí Àṣàkẹ́, ẹ máa yẹ̀yẹ́ wọn lọ. Àwa tá a wà ní Èkó gan-an ń jẹ̀gbádùn díẹ̀. Ilé tí mo ń fi gba àlejò ìgbà díẹ̀ ní Ajah ní jàkúsì lítà 1,500, omi bọ́hòòlù sì máa ń jáde ní nǹkan bí ìwọ̀n 27. Ìwọ̀n 11 péré ló kù. Tí mo bá ṣe ìṣirò Ẹnjiníà, yúnìtì 19 ló bọ́ sí. Tí wọ́n bá ń gba ₦209.5 lórí yúnìtì kan lọ́wọ́ yín ní Band A, bíi ₦4,000 nìyẹn. Tí ẹ bá ní táńkì dúdú lórí òpó, ẹ rọ omi lọ́sàn-án nígbà tí oòrùn ti nà án. Ó lè má pẹ́ rárá.

Ìṣòro tiwa ni irin inú omi. Omi á mọ́ gaara nígbà tó ń jáde. Ẹ da chlorine sí i báyìí, ká tó ṣẹ́jú, ó ti pọ́n bí omi tíì. Irin tó ti yó sínú omi ni chlorine ń fà jáde, kò sì dára fún fílítà, fún ike, tàbí fún aṣọ ìwẹ̀ funfun tí àlejò wọ̀ wá láti ya fọ́tò. Kí n tó rọ omi, inú bọ́kẹ́ẹ̀tì funfun ni mo ti ń dán an wò. Mo máa ń bu omi bọ́hòòlù kún un, mo máa ń ta chlorine díẹ̀ sí i, mo sì máa ń bojú wo ìsàlẹ̀ bọ́kẹ́ẹ̀tì lẹ́yìn ìgbà díẹ̀. Tí àwọ̀ rẹ̀ bá yí padà, omi yẹn ò wọ jàkúsì. Ẹ fa omi tó ti gba inú ẹ̀rọ ìfọ̀mọ́ kọjá, tàbí kí ẹ ra omi tánkà, òun náà sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba inú bọ́kẹ́ẹ̀tì.

Ẹ má so hítà mọ́ ínfátà o. Kìlówáàtì 3 á gbá bátìrì yín gbẹ kí omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Kí nẹ́pà dé ná.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ gbé e lé orí dẹ́kì, lítà 1,500 jẹ́ kílò 1,500 kí èèyàn kan tó wọ inú rẹ̀. Ẹnjiníà ilé ni kẹ́ ẹ bi, ẹ má bi bíríkìlà.

Adùnní_Croydon

Stockport, ṣé ẹ ní bọ́ílà tó ń gbóná omi bó ṣe ń jáde, láìlo táńkì? Èmi ò jẹ́ fi iná mànàmáná mú omi tútù gbóná láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo ra ohun tí wọ́n fi ń so họ́ọ̀sì mọ́ táàpù ilé ìdáná, mo po gbígbóná mọ́ tútù, mo sì rọ ọ́ ní lílọ́ wọ́ọ́rọ́. Owó yúnìtì gáàsì kan ní ilẹ̀ yìí ò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin owó yúnìtì iná lọ. Kí ló dé tí mo fẹ́ máa jó wákàtí 21?

Púlọ́ńbà_Peckham

Àǹtí Adùnní ò purọ́. Bọ́ílà kìlówáàtì 24 lè gbé omi láti ìwọ̀n 10 dé 38 ní nǹkan bíi lítà 12 ní ìṣẹ́jú kan. Lítà 1,300, kò ní pé wákàtí méjì. Bóyá ohun tí ẹni ibi iṣẹ́ yín ń sọ nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí. Omi tó ju ìwọ̀n 40 lọ ò gbọdọ̀ wọ inú rẹ̀, ike ò fẹ́ ẹ, rọ́bà inú pọ́ǹpù ò sì fẹ́ ẹ. Àwọn tó ń ṣe jàkúsì mìíràn ò tilẹ̀ fẹ́ omi gbígbóná rárá, torí náà ẹ wá orúkọ rẹ̀ lára pátákó kékeré tó wà nítòsí pọ́ǹpù, kí ẹ wá ìwé rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ po omi náà kó tó wọ họ́ọ̀sì, kì í ṣe lẹ́yìn tó ti dénú jàkúsì. Kí ẹnì kan sì dúró ti táàpù. Họ́ọ̀sì ọgbà máa ń rọ̀ tí omi gbígbóná bá gba inú rẹ̀, ẹnu rẹ̀ lè fò yọ, kó sọ ilé ìdáná di odò.

Mo tún fẹ́ sọ fún ẹ̀yin ará gúúsù: nígbà tí wọ́n bá fi òfin de họ́ọ̀sì lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, bí wọ́n ṣe ṣe ní 2022 àti 2025, rírọ jàkúsì kún wà lára ohun tí wọ́n sábà máa ń dá dúró.

BàbáTèmi_Houston

Lọ́dọ̀ wa, gálọ́ọ̀nù àti Fahrenheit ni. Tèmi gba gálọ́ọ̀nù 400, fóltì 240 ló ń lò, hítà kìlówáàtì 5.5. Nígbà ooru, omi táàpù lè jáde ní 85. Láti ibẹ̀ dé 102, wákàtí mẹ́ta ló gbà. Ní oṣù kìíní tí omi bá jáde ní 58, wákàtí mẹ́jọ. Ẹni tó bá fi í sórí púlọ́ọ̀gì 120 lásán, tí hítà rẹ̀ jẹ́ kìlówáàtì 1, á dúró fún nǹkan bí ọjọ́ méjì. Ní ooru, ohun tó ń dà mí láàmú ni pé omi ò fẹ́ tutù mọ́, torí pọ́ǹpù fúnra rẹ̀ ń mú un móoru.

Ẹ má gbàgbé àwọn kọ́kọ́rọ́ afẹ́fẹ́ tó wà lẹ́bàá ọpọ́n, àwọn tó ń mú kí jẹ́ẹ̀tì máa yọ ìfófò. Ẹ yí gbogbo wọn pa nígbà tí omi bá ń gbóná. Tí wọ́n bá ṣí, afẹ́fẹ́ tútù ni wọ́n ń fà wọ inú omi tí ẹ ń sanwó láti mú gbóná.

Tí bíréékà tó ń dáàbò bo èèyàn lọ́wọ́ iná bá ń já, ẹ pe oníṣẹ́ iná. Mo ti rí ẹni tó fẹ́ yọ ọ́ torí pé ó ń yọ ọ́ lẹ́nu. Nínú omi lẹ máa jókòó sí o.

Títí_Minnesota

Fún ẹ̀yin ará ibi yìnyín: ẹ pa omi dà kí òtútù tó dé, kì í ṣe ní oṣù kìíní. Tí ẹ bá fa omi tán nígbà tí ìta ti wà lábẹ́ òdo, omi díẹ̀ tó kù nínú páìpù á dì, á sì la páìpù. Ẹ gbé họ́ọ̀sì wọlé lẹ́yìn tí ẹ bá lò ó tán.

Nọ́ọ̀sì_Leeds

Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ ooru, ẹnikẹ́ni ò tíì sọ̀rọ̀ kòkòrò. Láàárín ìwọ̀n 20 sí 45 ni kòkòrò Legionella ti ń gbèrú jù, èèyàn sì ń fà á sínú ẹ̀dọ̀fóró látinú ìrì tí jẹ́ẹ̀tì ń tú sáfẹ́fẹ́. Omi tí ẹ ń gbé láti 10 dé 38 ní gbogbo òru máa gba àárín ibẹ̀ kọjá. Ẹ má dúró dìgbà tó bá gbóná tán kí ẹ tó wá chlorine.

Ní pàtàkì tiyín yìí, ẹ ò mọ bó ti pẹ́ tó tó ti wà lófìfo, bẹ́ẹ̀ ni páìpù inú rẹ̀ ò gbẹ tán. Ẹ ra oògùn tí wọ́n fi ń fọ páìpù jàkúsì. Ẹ rọ omi àkọ́kọ́, ẹ da oògùn náà sí i, kí pọ́ǹpù ṣiṣẹ́ bí ara ìgò rẹ̀ ṣe wí, kí ẹ sì da omi náà nù. Ẹ ó rí ohun yíyọ̀ tí yóò gba ẹnu jẹ́ẹ̀tì jáde, ẹ ó sì dúpẹ́ pé ẹ ò tíì wọ inú rẹ̀. Ẹ ra fílítà tuntun. Omi kejì ni omi àlejò.

Lẹ́yìn náà, ẹ ra pépà tí wọ́n fi ń dán omi wò. Alkalinity, ìyẹn ohun inú omi tí kì í jẹ́ kí pH máa yí kiri, ni kí ẹ kọ́kọ́ tún ṣe, kó wà láàárín 80 sí 120 lára pépà náà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni pH, ìyẹn bí omi ṣe kan tó, 7.2 sí 7.6. Chlorine ló kẹ́yìn, kó máà dín sí 3, kó má sì ju 5 lọ kí ẹnikẹ́ni tó wọlé. Oníyẹ̀fun tó wà fún jàkúsì ni kí ẹ rà, ẹ má ra àwọn wóró ńlá tó wà fún omi ìwẹ̀ ńlá. Oògùn ni kí ẹ dà sínú omi, ẹ má da omi sórí oògùn. Ẹ má po oògùn méjì pọ̀ nínú ife kan. Kí pọ́ǹpù máa ṣiṣẹ́, kí ìdérí wà ní ṣíṣí fún ìgbà díẹ̀ kí gáàsì rẹ̀ lè jáde, kí ẹ tó bò ó.

Mo mọ ará ilé wa: Dettol ò wọ inú jàkúsì. Izal ò wọ inú rẹ̀. Ọṣẹ olóòórùn dídùn náà ò wọ inú rẹ̀.

Aboyún, kó bi agbẹ̀bí rẹ̀ kó tó wọlé. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, kó má wọ inú rẹ̀ rárá. Ìwọ̀n 40 ni òpin fún àgbàlagbà, ẹ má sì jẹ́ kí ẹni tó ti mutí jókòó nínú rẹ̀ lóun nìkan.

Adùnní_Croydon

Nọ́ọ̀sì, ẹ ṣeun. Mo fẹ́ fi kún un pé omi London le, ohun funfun tó ń dì sínú kẹ́tùlù ló ń dì sára hítà. Oògùn kan wà tí kì í jẹ́ kó dì, mo máa ń dà á sí i lọ́jọ́ tí mo bá rọ omi. Ti agbègbè Manchester níbi tí Stockport wà yàtọ̀, omi òkè Lake District lẹ ń lò, ó rọ̀ gan-an. Ó rọ̀ débi pé ó lè máa jẹ irin ara hítà, ó sì tètè ń yọ ìfófò. Ẹ wo calcium lára pépà ìdánwò yín, tó bá kéré sí 150 ẹ ra èyí tí wọ́n fi ń gbé e sókè.

ỌmọAdó_Stockport

Ẹ ṣé gan-an, Olúwa á bù kún yín. Mo ti fọ páìpù, ohun tó jáde ò ṣeé sọ níwájú oúnjẹ. Mo ti rọ omi kejì látinú ihò fílítà, síbẹ̀ pọ́ǹpù ń kùn, omi ò jáde dáadáa, ojú rẹ̀ sì ń kọ FLO. Ṣé hítà ti lọ nìyẹn?

Púlọ́ńbà_Peckham

Hítà ò tíì lọ. FLO ń sọ pé omi ò ṣàn tó, ìyẹn ló fi kọ̀ láti gbóná. Ẹ kọ́kọ́ yọ fílítà, kí ẹ tún tan án. Tí omi bá tú jáde, fílítà ló dí. Tí kò bá jáde, afẹ́fẹ́ ló há. Ẹ tan jẹ́ẹ̀tì fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, ẹ pa á, ẹ tún tan án, lẹ́ẹ̀mẹ́ta tàbí mẹ́rin.

Tó bá ṣì ń kùn, ẹ yọ púlọ́ọ̀gì kúrò lára ògiri pátápátá. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ ó rí òrùka ńlá oníke tó so páìpù mọ́ orí pọ́ǹpù. Ẹ fi ọwọ́ lásán tú u díẹ̀, díẹ̀ péré, ẹ má yọ ọ́. Ẹ ó gbọ́ ṣííìì, afẹ́fẹ́ nìyẹn. Nígbà tí omi bá bẹ̀rẹ̀ sí í kán tí ṣííìì dákẹ́, ẹ dè é padà. Ẹ nu ibẹ̀ gbẹ, ẹ ti ilẹ̀kùn, ẹ tó wá ki púlọ́ọ̀gì bọ̀ ọ́.

ỌmọAdó_Stockport

Ṣííìì náà jáde lóòótọ́! Ó ti ń tú omi báyìí, ó kọ 11, ó ti di 12. Mo ti bò ó. Ìyàwó mi ń bi mí pé ìgbà mélòó la máa ṣe gbogbo èyí lọ́dún.

Ẹnjiníà_MK

Ó kù sí iye èèyàn tó ń wọ inú rẹ̀. Ìṣirò tí àwọn oníṣẹ́ rẹ̀ ń lò ni pé kí ẹ mú iye gálọ́ọ̀nù Amẹ́ríkà, fi 3 pín in, kí ẹ tún fi iye èèyàn tó ń wọlé lójúmọ́ pín in. Lítà 1,300 jẹ́ nǹkan bíi gálọ́ọ̀nù 343. Ẹ̀yin méjì lójoojúmọ́, ọjọ́ 57. Tó bá jẹ́ òpin ọ̀sẹ̀ nìkan, oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin.

Alákòóso_Ajah

Ìṣirò yẹn ò mọ òrí o. Àlejò tó bá fi òrí para, tó fi kírímù kún irun, tó wá bọ́ sínú omi, òun nìkan tó èèyàn mẹ́ta. Ẹ ó rí ìlà ọ̀rá tó yí ara ọpọ́n ká ní ibi tí omi dé, fílítà á sì máa yọ̀. Kí wọ́n kọ́kọ́ wẹ̀ nínú ilé, láìlo ọṣẹ tó ń hó púpọ̀, kí ẹni tó ní wíìgì sì bọ́ ọ sílẹ̀. Mo kọ ọ́ sára ògiri.

Púlọ́ńbà_Peckham

Ní ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ da omi àtijọ́ nù, ẹ má da á sínú kòtò òjò ojú títì, torí odò ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń lọ. Ihò tí omi ilé ìdáná àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ń bá lọ ni kó gbà. Ẹni tó bá fẹ́ da á sórí koríko, kó ṣí ìdérí sílẹ̀, kó má da chlorine sí i mọ́, títí pépà ìdánwò yóò fi kọ òdo.